Shufflebottom kì í ṣe orúkọ èébú o, ẹ yé share ẹ̀ mọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, póòsì tó ń káàkiri lórí WhatsApp yẹn, èyí tó ní àwọn òyìnbó tó ń jẹ́ Shufflebottom, ìdí ni bàbáńlá wọn máa ń wọ́ nílẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò ní purọ́, àmọ́ irọ́ ṣì ni.

Orúkọ ibì kan ni jàre. Shipperbottom nibẹ̀ ń jẹ́, ó wà nítòsí Bury, tó jẹ́ ara Lancashire láyé àtijọ́, apá àríwá England. "Bottom" yẹn, nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ilẹ̀ àfonífojì ló túmọ̀ sí, èyí tó wà níwájú ẹ̀ sì wá látinú ọ̀rọ̀ àgùntàn àti omi, ẹnu àwọn èèyàn ló ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di "shuffle". Àwa náà ńkọ́, ṣé ẹnì kan ń rò pé igi ní ìdí tó fi ń jókòó ni torí pé a ní Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Àràbà?

Wọ́n tún ní orúkọ náà kún gbogbo England. Rárá o. Nínú ìkànìyàn 1881, Lancashire ni wọ́n pọ̀ sí jù, Cheshire àti Staffordshire tó wà nítòsí ibẹ̀ náà ní tiwọn. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní Shufflebotham. Ramsbottom náà, ìlú gidi ni, ó ṣì wà lẹ́bàá Bury dòní, ẹ lọ wo máàpù.