Ẹ rántí omi aró Ìtòkú
Inú mi dùn sí ìròyìn yín pé wọ́n ń lo ósónì (irú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kan tó lágbára) àti iná mànàmáná pọ̀ láti fọ omi ìdọ̀tí. Ósónì nìkan kì í lè tú gbogbo èròjà olóró. Ṣùgbọ́n tí iná bá sọ ọ́síjìn di haidrójìn pẹrọ́sáídì (kẹ́míkà olómi tó ń bó àwọ̀) lára ọ̀pá kábọ̀n inú omi náà, tí ósónì sì pàdé rẹ̀, ohun tó ń jáde níbẹ̀ le ju ósónì lọ fíìfíì. Ní 2013, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tsinghua ní Ṣáínà fi dán omi aró aláwọ̀ ọsàn wò. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ti rí gọ́tà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta rí? Omi aláró, tòun ti kọ́sítíìkì sódà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn ìyá aláàdìrẹ wa gbé ẹ̀rọ yìí dé ibẹ̀, kí ẹ fi sólà gbé e.