Pé wọn ò pe kọngílá míì wá kò túmọ̀ sí pé wọ́n jalè: ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì bàálù ológun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan l'Ádétì, n'Íléṣà níbí, la jókòó sí, tí ẹnìkan ka ìròyìn sókè lórí fóònù ẹ̀ pé ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì bàálù ológun fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọn ò pe ẹlòmíì wá du iṣẹ́ náà. Kò tíì kà á délẹ̀ tí gbogbo wa ti pariwo olè. Bàbá kan tó jókòó lé táyà ní wọ́n ti pín owó yẹn tán kí ìròyìn tó jáde. Èmi náà, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n mi, tó ti tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe fún ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú kó tó fẹ̀yìntì wálé, jókòó tì mí ó sì là mí lóye.

Mi ò bá ẹni tó ń pariwo olè wí o. Ojú wa ti rí nǹkan lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀sùn owó ohun ìjà tó jáde ní 2015, tí wọ́n ní ó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là, kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà lójú ogun lásìkò yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Àmọ́ ekòló kì í ṣe ejò, tá a bá sì ń sá fún ekòló, ibòmíì ni ejò gangan máa gbà wọlé.

Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé tí wọ́n bá pe ilé iṣẹ́ márùn-ún wá, kí kálukú wá dá iye tiẹ̀, owó á wálẹ̀, olè á sì sá. Tó bá jẹ́ títún ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀ ṣe ni, òótọ́ ni, torí ẹni tó bá ní katakata àti ọ̀dà ọ̀nà lè ṣe é. Ẹ́ńjìnnì bàálù ológun ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Ó ní tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tán, wọ́n á ki àwọn páàtì kan bọ inú oògùn kan, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò lára ẹ̀, wọ́n á wá gbé e wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, wọ́n á tan iná kan báyìí tó pọ́n bí àlùkò sí i. Ibi tí irin bá ti sán, bó tilẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ, á máa tàn yòò bíi tanátaná lóru. Mo ní ṣé òun tó wá rí i yẹn náà kọ́ ló máa tún un ṣe, ó ní rárá, rírí i kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ni mímọ èyí tó ṣì lè fò nínú wọn àti èyí tó gbọ́dọ̀ di ìdọ̀tí lójú ẹsẹ̀, inú ìwé ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn ló sì wà: bí ibi tó sán ṣe gùn tó, ibi tó wà, ìgbà mélòó tí páàtì náà ti fò. Ìwé yẹn ò sí lọ́jà. Ẹni tó ni ín ló máa pinnu ẹni tó máa fún.

Iná inú ẹ́ńjìnnì ogun yẹn máa ń gbóná ju ooru tó ń yọ́ irin tí wọ́n fi ṣe é lọ, ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni àwọn ihò wínníwínní tí wọ́n lu sára rẹ̀ kí atẹ́gùn tútù lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ó sì ń yí, àwọn míì ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn páàtì kan wà tó jẹ́ pé tí iye fífò wọn bá ti pé, wọ́n á yọ ọ́ jù nù ni, kódà kó ṣì máa dán gbinrin láìní àpá kankan. Tí wọ́n bá tò ó padà tán, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ nínú ilé oníbíríkì tó ki, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé òpin agbára ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sára bàálù. Mélòó ni ilé iṣẹ́ tó ní gbogbo ìyẹn fún ẹ́ńjìnnì kan pàtó? Nígbà míì, ẹyọ kan. Mẹkáníìkì wa l'Ádétì náà, tí pọ́ǹpù tó ń fún epo díísù sí ẹ́ńjìnnì tírélà bá bàjẹ́, ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan l'Óṣogbo tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí kò pe èèyàn márùn-ún.

Níbo wá ni ìdíje ti ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà ni, kì í ṣe ọjọ́ tó bàjẹ́. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì F100 tí Pratt & Whitney ń ṣe fún bàálù F-15 àti F-16 ń fún wọn ní wàhálà, ní 1984 wọ́n mú ilé iṣẹ́ míì, General Electric, wọlé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì F110 tiẹ̀, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún méjèèjì, ojú wá là. Tó wá kan bàálù ogun F-35, wọ́n tún ní ẹ́ńjìnnì méjì, F135 ti Pratt & Whitney àti F136 tí General Electric àti Rolls-Royce jọ ń ṣe, àmọ́ ní 2011 wọ́n pa F136 tì torí owó. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti parí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní F-35, ẹnìkan ló máa bá sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fẹ́ pariwo, 2011 ló yẹ kó ti pariwo.

Òfin gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ní òfin 1984 tó ní kí wọ́n máa pe ènìyàn púpọ̀ wá du iṣẹ́, àmọ́ òfin yẹn fúnra ẹ̀ gbà kí wọ́n gbé e fún ẹnìkan tí kò bá sí ẹlòmíì tó lè ṣe é, wọ́n á kàn kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì gbé e síta. Nàìjíríà náà ní òfin ìpèsè ọjà àti iṣẹ́ ìjọba ti 2007. Abala 42 gbà kí ìjọba ra nǹkan tààrà lọ́wọ́ ẹnìkan tó bá jẹ́ òun nìkan ló ní in. Abala 15 ló ṣòroó gbé mì lójú tèmi, torí ó yọ ọjà ètò ààbò àkànṣe kúrò nínú òfin náà àfi tí ààrẹ bá fọwọ́ sí i ṣáájú. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a máa wò, a kì í wò ó.

Ẹ má wá gbọ́ ọ pé mo ní kò sí olè nínú gbígbé iṣẹ́ fún ẹnìkan o. Ó wà. Ní 2019, àwọn ayẹ̀wéwò iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yẹ owó àwọn páàtì bàálù 47 tí wọ́n rà lọ́wọ́ TransDigm, ilé iṣẹ́ tó ń ta páàtì bàálù, wò, 46 nínú wọn ni wọ́n ní èrè rẹ̀ ti pọ̀ jù, mílíọ̀nù 16.1 dọ́là lápapọ̀, ilé iṣẹ́ náà sì dá a padà. Kò sí ẹni tó ní wọ́n gba rìbá níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó kọ̀ọ̀kan kéré ju ibi tí òfin ti ń fipá mú olùtà láti fi iye tó ná an hàn, wọ́n béèrè, wọn ò rí i gbà dáadáa. Ẹ ò rí i? Kì í ṣe pé wọn ò pe ẹlòmíì ló fa ìjà yẹn, pé wọn ò mọ iye tó ná an ni. Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ òṣómàáló, ta ló yẹ kó tètè mọ èyí jù wá? Àwọn bàbá wa tó gbé aṣọ káàkiri láwìn mọ iye tí wọ́n ra ọ̀pá kan kí wọ́n tó dá owó lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù. Lẹ́tà ni mò ń tẹ̀ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnìkan ti wá bá mi rí pé kí n tẹ ìwé iye owó iṣẹ́ mẹ́ta, orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fọ́ntì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òun nìkan ló ń pe iye owó fún mi lẹ́nu, ó ní kí n jẹ́ kí tàárín fi díẹ̀ kéré. Mo dá a padà. Ṣé ẹ mọ̀ pé lórí ìwé, iṣẹ́ yẹn á jẹ́ èyí tí ènìyàn mẹ́ta du, gbogbo wa á ní ó mọ́? Ìdíje bẹ́ẹ̀ burú ju ẹnìkan ṣoṣo tó kọ iye owó ẹ̀ síta lọ.

Tá a bá fi orí bàálù tiwa náà wò ó, á yé wa. Bàálù akẹ́rù C-130 tí àwọn ológun wa ń fò ní ẹ́ńjìnnì T56, ilé iṣẹ́ tó ń tún un ṣe lágbàáyé kì í ṣe ẹyọ kan. Bàálù ogun Super Tucano 12 tó dé ní 2021, ẹbí PT6 ni ẹ́ńjìnnì wọn, irú rẹ̀ wà lára bàálù arìnrìn-àjò kékeré káàkiri ayé. Tí ẹnìkan bá sọ pé ilé iṣẹ́ kan péré ló lè tún ìyẹn ṣe, ẹ bi í ní ìbéèrè dáadáa. Àmọ́ bàálù ogun JF-17 mẹ́ta tó dé ní 2021, ẹ́ńjìnnì RD-93 ti Rọ́ṣíà ló wà lára rẹ̀, èmi ò ní bínú tí wọn ò bá pe márùn-ún.

Mo sọ gbogbo èyí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn o. Bàbá tó jókòó lé táyà gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi, ta ni ká wá lọ bi?" Mo ní òfin wà láti 2011 tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, kí wọ́n kọ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì wo ni, ta ló ni ìwé àtúnṣe ẹ̀, ṣé a gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ tí a rà á, èló ni orílẹ̀-èdè míì ń san fún iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi tún orúkọ àwọn páàtì kọ dáadáa lálẹ́ àná, lẹ́tà náà wà lórí tábìlì mi báyìí, Mọ́ńdè ni màá fi ránṣẹ́.