Iṣẹ́ Tí Èwe Bẹ Àgbà

Ohun tí mo rí nídìí jangirọ́fà ní Sátidé tó kọjá ló mú mi kọ èyí. Ọmọdébìnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, jókòó sórí jangirọ́fà, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni, ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé pa mọ́ra. "Dádì, ẹ wò mí!" Bàbá rẹ̀ wà lórí àga gbọọrọ tí kò jìnnà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mò ń wò ọ́." Kò gbójú sókè. Ọmọ tún pè é, ó tún ní òun ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kà. Nígbà tó di ìkẹjọ, ọmọ náà kò pe bàbá rẹ̀ mọ́, èmi ló yíjú sí: "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ rí mi?"

Mo rí i. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn títí mo fi délé.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ kan kúrú jù, èkejì tóbi jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa á tì sí, bẹ́ẹ̀ òwe náà ṣì ń lọ: iṣẹ́ èwe bẹ àgbà, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tí à ń bẹ ara wa. Ẹ tún un gbọ́. Èwe ló bẹ àgbà níṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Àwa bàbá ti sọ iṣẹ́ bíbẹ̀ di ti ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. "Bá mi mú bàtà mi wá." "Lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn." "Bá mi bu omi." Ọmọ á sáré. Bí ó bá falẹ̀ díẹ̀, a ó ní kò létí. Kí òun náà wá sọ pé "Dádì, ẹ wá wo nǹkan", èsì wa ti wà nílẹ̀: "Mò ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀" yìí, irọ́ ni. Bí ọmọ bá ní òun ń bọ̀ tí a kò rí i, orúkọ wo là ń pè é?

Èmi náà ti pa irọ́ yìí. Lóṣù tó kọjá, kọ́kọ́rọ́ mi bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó há mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo fi igi wá a, ṣe ni mo tún tì í wọlé sí i. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló dojú bolẹ̀, ó lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ojú méjèèjì, ó na apá wọlé títí dé èjìká. Ó kọ́kọ́ fa ìbọ̀sẹ̀ kan tí eruku ti bò jáde, lẹ́yìn ìyẹn pẹ́ńsùlù, kó tó wá kan kọ́kọ́rọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó wá nàka sí ìwé àwòrán rẹ̀ tí ẹnì kan gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kan náà. Ó ní, "Ó ti kan ẹ̀yin báyìí." Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń bẹ̀ mí nítorí ìwé náà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń bọ̀. Mo na ọwọ́, mo gbé e fún un. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Èyí tilẹ̀ lágbára ju ti kèrègbè lọ lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Edward Tronick, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní kí àwọn ìyá máa bá ọmọ ọwọ́ wọn ṣeré, kí wọ́n sì ṣíwọ́ lójijì, kí wọ́n kàn máa wo ọmọ láìrẹ́rìn-ín, láìfọhùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ọmọ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á nawọ́, á ké, á lo gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ láti fi pe ìyá rẹ̀ padà. Nígbà tí kò bá rí èsì, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn á bú sẹ́kún. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1978, nígbà tí kò tíì sí fóònù nínú àpò ẹnikẹ́ni. Ojú aláìfèsì yẹn gan-an ni ojú bàbá tó tẹ̀ mọ́ fóònù. Ọmọ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀ tàbí eré. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wá, kò rí i.

Àwọn ọmọ la sì yá lára láti bá wí. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin má ṣe lò ju wákàtí kan lọ lóòjọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. A gbá ìyẹn mú, a fi ń já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. Ìlànà kan náà sọ pé kí a máa kàwé fún wọn, kí a sì máa pa ìtàn fún wọn. Ta ló ka apá ibẹ̀?

N kò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọmọ bá pè. Bí ẹ kò bá lè dìde, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "N kò lè wá báyìí, mo fẹ́ parí èyí ná." Kí ẹ sì lọ nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀. Ọmọ gbọ́ èdè yẹn dáadáa. Ẹ̀tàn ni kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun kò ráyè. Ọkùnrin tó ráyè fi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú wo bọ́ọ̀lù, tó tún fi wákàtí kan jiyàn lé e lórí, kò ráyè fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo ọmọ rẹ̀ lórí jangirọ́fà? Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ní àwọn ń bá ìyàwó àwọn tọ́jú ọmọ. Ọmọ ta ni? Ẹ tún ìwà yín ṣe! Bí ọmọ bá ní kí ẹ wá wo èèrà, ẹ dìde, ẹ tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, ẹ wo èèrà. Ẹ ní kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún yín. Mẹ́fà ni. Bí ó bá kà á sí méje, ẹ jọ tún un kà.