Kíbọ́ọ̀dù tí ohùn ẹ̀ pọ̀ jù kọ́ ló dáa jù o

Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́ìsì tí wọ́n ń pín kiri WhatsApp pé téèyàn bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ dùrù, èyí tí oríṣi ohùn inú ẹ̀ (bíi piano, gìtá, fèrè) pọ̀ jù ni kó rà, irọ́ ni. Ohùn piano nìkan lọmọ yẹn nílò níbẹ̀rẹ̀, ìyókù, eré ló máa fi ṣe. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha PSR-F51 ní oríṣi ohùn 120, àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ o, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ o, bákan náà ló máa dún, bẹ́ẹ̀ dùrù gidi ò rí báyẹn, òòlù kékeré ló ń lu wáyà nínú ẹ̀, bọ́wọ́ bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa dún tó. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tàn án, ẹ tẹ bọ́tìnì funfun kan wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ le, tóhùn ò bá yàtọ̀, tí kì í sì í ṣe pé wọ́n pa touch ẹ̀ (ohun tó ń jẹ́ kóhùn ẹ̀ tẹ̀ lé bọ́wọ́ ṣe wúwo tó), ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn. Bọ́tìnì funfun àti dúdú 61 ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, kò dìgbà tó bá pé 88 bíi ti dùrù gidi. Transpose, ìyẹn èyí tó ń gbé gbogbo ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí wá sílẹ̀, òun ńkọ́? Ẹ má tíì fi han ọmọ yẹn, kó má bàa gbójú lé e, àwọn tó ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń sọ 😄