Ààlà ọdún 1876 ló ń da St. Louis láàmú

Bí mo bá ti sọ fún ará ilé pé St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yìnbọn?" Ó máa ń dùn mí. Ìbọn ń dún níbí lóòótọ́, ó sì ti sọ ìyá púpọ̀ di ẹni tí ń sunkún ọmọ. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni mi ò fara mọ́.

Àwọn Faransé tó ń ṣòwò awọ onírun ló tẹ ìlú yìí dó létí odò Mississippi ní 1764. Ní 1876, nígbà tí owó ń wọlé dáadáa, ìlú dìbò láti ya kúrò lára káńtì rẹ̀, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká, torí wọn ò fẹ́ kí owó orí wọn máa tún ọ̀nà oko ṣe. Ìkọ̀sílẹ̀ Ńlá là ń pè é. Ààlà tí wọ́n fà nígbà náà kò tíì yẹ̀ títí dòní.

Lọ́dún 1950, ènìyàn 856,796 ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn òyìnbó ń kó sọdá ààlà, owó orí sì bá wọn lọ. Adúláwọ̀ ò rí bá wọn lọ bó ṣe wù ú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dí i lọ́nà: ìwé ilẹ̀ ibòmíràn kà á léèwọ̀ láti ta ilé fún wọn, títí ẹjọ́ ìdílé Shelley, adúláwọ̀ tó ra ilé ní òpópónà Labadie, fi dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní 1948, tí kóòtù náà sì ní ilé ẹjọ́ kankan ò gbọdọ̀ fi ipá mú èèwọ̀ náà ṣẹ mọ́. Ní 1959 ni ìlú fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó àdúgbò Mill Creek Valley: ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn, adúláwọ̀ ló pọ̀ jù, ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ní 2020, ènìyàn 301,578 ló kù nínú ààlà náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo agbègbè wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8. Orí àwọn díẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n ń pín ìwà ọ̀daràn lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà ń ka àwọn àdúgbò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wọn mọ́ ara wọn.

Ní 2019, àwọn kan dábàá pé kí ìlú àti káńtì tún di ọ̀kan. Gbogbo Missouri ni wọ́n fẹ́ kó dìbò lé e lórí, inú bí wa, wọ́n sì fà á sẹ́yìn. Ìbínú yẹn tọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé e padà wá fún àwa tí à ń gbébẹ̀, màá tẹ̀ka sí i.