Ṣé kí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n yọ̀ǹda fíríkúẹ́nsì wọn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù?

Àkàndé_Ẹlẹ́rọ: Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí o. Fíríkúẹ́nsì tí fóònù wa ń lò, ìyẹn ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán, ti kún, ẹni tó bá fẹ́ wo fídíò ní aago mẹ́jọ alẹ́ ti mọ̀. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ló sì jókòó lórí èyí tó dára jù, èyí tó ń rìn jìnnà tó sì ń gba inú ògiri wọlé. Lórí analógù, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gbé àwòrán jáde, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń jẹ 8 MHz tán (MHz la fi ń wọn fíríkúẹ́nsì). Tí wọ́n bá bọ́ sí dígítà, ọ̀nà tuntun, ilé iṣẹ́ bíi mẹ́wàá, kódà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wọnú 8 MHz kan náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láti 694 MHz dé 790, wọ́n ti fohùn sí i ní ìpàdé àgbáyé pé kí fóònù máa lò ó lápá ọ̀dọ̀ tiwa. June 17, 2015 ló yẹ kí Nàìjíríà ti pa analógù. A ò pa á. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ó yẹ kí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n yọ̀ǹda, ta ló sì yẹ kó san owó ìnira náà?

Dátà_Ti_Tán: Ẹ gbé e fún wọn jàre. Ta ló ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n?

Ìyá_Ìbejì: Èmi ń wò ó o. Ìyá mi ń wò ó ní Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn lédè Yorùbá, wọn ò ní fóònù Android wọn ò sì fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n torí kí ẹ lè rí fídíò wò, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Àkàndé_Ẹlẹ́rọ: @Ìyá_Ìbejì ẹ kú alẹ́ mà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Analógù nìkan ni. Ìyá á ṣì máa wò ó, dìkódà kan ló máa wà láàárín àńténà àti tẹlifíṣọ̀n wọn.

Ìyá_Ìbejì: Ta ló máa ra dìkódà ọ̀hún fún wọn?

Sùúrù_Lérè: Dìkódà wo tún nìyẹn? Èyí tó wà nílé mi, oṣooṣù ni mò ń sanwó, ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà gan-an ni iná máa lọ. Mi ò ra dìkódà kankan mọ́ láyé mi.

Tólú_Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀gbọ́n, FreeTV ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ò ní owó oṣooṣù.

Sùúrù_Lérè: Gbogbo wọn náà ni. Dìkódà ni dìkódà.

Tẹ́jú_Houston: Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́dọ̀ wa níbí. Ìjọba ò já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. FCC, àjọ tó ń bójú tó fíríkúẹ́nsì ní Amẹ́ríkà, ṣí gbàǹjo ní 2016, ó parí ní 2017. Wọ́n á dárúkọ iye kan fún ilé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa já a wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí iye náà ò bá tẹ́ lọ́rùn mọ́ á jáde, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lápá kejì, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fowó du èyí tó bá jáde. Bílíọ̀nù 19.8 dọ́là ló wọlé, ilé iṣẹ́ 175 sì pín bílíọ̀nù 10 lé díẹ̀ nínú ẹ̀. WWTO ní Illinois, òun nìkan gba mílíọ̀nù 304 dọ́là. 84 MHz ni wọ́n rí kó jáde, T-Mobile ló ra èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbowó yẹn ò sì kógbá sílé, wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ míì pín ojú kan, ìyẹn ṣánẹ́ẹ̀lì kan, lò. Àwọn tí kò tà tí wọ́n kàn ní kí wọ́n sún kúrò níbi tí wọ́n wà, ìjọba ya owó sọ́tọ̀ láti fi ra ẹ̀rọ tuntun fún wọn.

Gbọ̀ngán_Boy: Mílíọ̀nù 304 kẹ̀! Mo ti dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú yìí lọ.

Tólú_Ẹ̀pẹ́: Kí ni orúkọ ẹ̀?

Gbọ̀ngán_Boy: GBTV. Ìyàwó mi ló ń ka ìròyìn, èmi ni mò ń mú kámẹ́rà, ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé iná ò sí.

Tólú_Ẹ̀pẹ́: Mo fẹ́ polówó ẹja lórí ẹ̀, èló ni ìṣẹ́jú kan?

Dátà_Ti_Tán: Ẹ GBÉ E FÚN WỌN!! Dátà ti wọ́n jù!!

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí wọ́n gbé e fún wọn, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ? Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. WNTV, October 31, 1959. Awólọ́wọ̀ ló fi lélẹ̀ fún wa torí pé wọn ò jẹ́ kó fèsì lórí rédíò ìjọba nígbà tí gómìnà bú u. Ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, ó di NTA. A tún gbìyànjú dá tiwa sílẹ̀, ojú 28 ni wọ́n gbé BCOS, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ọ̀yọ́, sí. Ní báyìí ẹ tún fẹ́ gba ìyẹn náà fún àwọn tó ń ta dátà?

Àkàndé_Ẹlẹ́rọ: Ẹ̀gbọ́n, ojú 28 yẹn, 526 sí 534 MHz ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀ láti 694, ìyẹn ojú 49 lọ sókè. Ẹnikẹ́ni ò dé ọ̀dọ̀ BCOS.

Kò_Tán_Síbẹ̀: @Ọmọ_Òkè_Bọ́lá kì í ṣe Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ní Áfíríkà. Morocco ti ní in ní 1954, Algeria ní 1956.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Ìwọ, ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́?

Kò_Tán_Síbẹ̀: Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì mọ ọdún kà.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Tàwọn Faransé ni ti Algeria yẹn. Faransé ló gbé e wá, Faransé ló ń wò ó. Tiwa, àwa la dá a sílẹ̀.

Kò_Tán_Síbẹ̀: Ta ló wá ni Nàìjíríà ní 1959? Ṣebí 1960 la gba òmìnira.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Ẹ̀kọ́ ìtàn ò kàn ẹ́. August 1957 ni Ìwọ̀ Oòrùn ti ń ṣèjọba ara rẹ̀! Àwọn aṣòfin tiwa, owó tiwa, olórí ìjọba tiwa!

Kò_Tán_Síbẹ̀: Pẹ̀lú iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion tí wọ́n jọ ṣe é ńkọ́? Ṣé Mọ́lété làwọn yẹn ti wá?

Gbénró_Peckham: Ẹ̀yin èèyàn, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì béèrè ohun tó ṣe pàtàkì, ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nígbà tí wọ́n ń pa analógù, tó parí ní October 2012, àwọn tó ti pé ọdún 75 sókè àtàwọn aláàbọ̀ ara ní ètò ìrànwọ́ tiwọn, wọ́n á gbé àpótí wá bá ẹ nílé, wọ́n á so ó mọ́ ọn, wọ́n á kọ́ ẹ bó o ṣe máa lò ó. Ara owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba ta fíríkúẹ́nsì ọ̀hún pẹ̀lú òmíì fún 4G, ju bílíọ̀nù 2.3 pọ́n-ùn lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó kúrò lójú ọ̀nà, ó yẹ kó rí nǹkan gbà nínú owó tí wọ́n pa lójú ọ̀nà náà.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Òyìnbó yẹn ò lè sọ fún mi pé Ìbàdàn kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é.

Gbénró_Peckham: Òyìnbó wo? Èmi ò tiẹ̀ mẹ́nu ba Ìbàdàn.

Àkàndé_Ẹlẹ́rọ: @Gbénró_Peckham ẹ ṣeun gan-an. Ibẹ̀ ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. A ti tà nínú ẹ̀ ná kí ilẹ̀ tó mọ́: NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ta lára fíríkúẹ́nsì yìí, tí wọ́n ń pè ní 700 MHz, fún MTN ní bílíọ̀nù 34 náírà, iṣẹ́ dígítà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó náà ṣe. Jos bẹ̀rẹ̀ dígítà ní April 2016, Àbújá ní December ọdún yẹn, Ìlọrin ní December 2017, Òṣogbo ní February 2018, Èkó di April 2021. Ìlú tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni fóònù ti ń há jù ló gbẹ̀yìn gbogbo àwọn yẹn. Bí analógù ò bá tíì kú káàkiri, a ò lè rí gbogbo fíríkúẹ́nsì náà lò bó ṣe yẹ, torí ilé tẹlifíṣọ̀n kan tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lójú 52 ní ìlú kan lè da fóònù láàmú ní ìlú tó múlé tì í. Mi ò bá ilé tẹlifíṣọ̀n jà o, wọ́n ń sanwó epo jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń sanwó òṣìṣẹ́, ẹ sì tún ní kí wọ́n máa sanwó fún ẹni tó ń gbé àwòrán wọn jáde lórí dígítà. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?

Lẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀ṣun: Wọ́n dé Òṣogbo ṣáájú Èkó! Àwa la láyé!

Aláṣọ_Èkó: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dìkódà, ṣé ẹ níná?

Lẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀ṣun: Ìwọ tó o níná, ṣé o ní dìkódà?

Sùúrù_Lérè: Mo ti sọ tèmi. Mi ò ra dìkódà.

Tẹ́jú_Houston: Bàbá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ rà á. Ìjọba ló yẹ kó fún yín.

Sùúrù_Lérè: Tí wọ́n bá fún mi náà mi ò gbà á.

Dátà_Ti_Tán: ẸNI TÓ NÍ DÁTÀ Ò WỌ́N, KÓ RA GB KAN FÚN MI. Ẹ GBÉ FÍRÍKÚẸ́NSÌ FÚN WỌN!!!

Ìyá_Ìbejì: Tí wọ́n bá gbé e fún wọn lọ́la, ṣé dátà máa gbọ̀n wálẹ̀? Wọ́n ra 5G ní 2021, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san mílíọ̀nù 273 dọ́là ó lé, kí ló gbọ̀n wálẹ̀ níbẹ̀? Iye tí wọ́n bá fi rà á ni wọ́n máa fi kún ti wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé abúlé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e dé, nítorí ẹ ní ó ń rìn jìnnà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi ò ní fi kọ́bọ̀ ra dìkódà. Tí wọ́n bá kọ méjèèjì, èmi náà á ní kí wọ́n gbé e.

Àkàndé_Ẹlẹ́rọ: Mà, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ.

Kò_Tán_Síbẹ̀: Casablanca, 1954. Ẹ lọ wò ó.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Tí Casablanca yẹn ò pé ọdún méjì tó fi kógbá sílé? Èyí tó wà ní Agodi ńkọ́, ṣé kò sí níbẹ̀ dòní?

Kò_Tán_Síbẹ̀: Àkọ́kọ́ la ń sọ, a ò sọ ti ẹni tó pẹ́ jù.

Ọmọ_Òkè_Bọ́lá: Màá padà wá bá ẹ láàárọ̀, jẹ́ kí n lọ gba dátà.