Ẹ yé sọ pé "a máa fa volume wálẹ̀ tó bá yá"

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹnì kan ló tún kọ ọ́ síbi tí àwa olórin ṣọ́ọ̀ṣì ní Kabba ti ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ní "ẹ ṣí gain yẹn dáadáa kó máa tan pupa, ibẹ̀ ni agbára ohùn wà, tó bá pọ̀ jù ẹ máa fa volume wálẹ̀ tó bá yá." Àwọn èèyàn wá ń fi àtàǹpàkò sí i. Ẹ gbà mí o. Àti Ìsánlú àti Mopa, irú ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí rẹ́kọ́dù ni wọ́n máa ń gbé wá fún mi pé kí n bá wọn tún ṣe, ohùn á máa ha gàràgàrà létí.

Gain ló ń sọ bí ohùn yín ṣe máa tóbi tó kó tó wọ kọ̀ǹpútà. Volume, ìyẹn fader inú sọ́fítíwíà, ohun tó ti wọlé tán ló ń gbé sókè gbé sódò. Ibi tí interface, àpótí tẹ́ ẹ ń ki máìkì bọ̀ kó tó dé kọ̀ǹpútà, ti ń sọ ohùn di nọ́ńbà, ó ní òpin, 0 dBFS (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó, 0 yìí sì ni òkè pátápátá), kò sí nọ́ńbà tó lè fi kọ ohun tó bá ga ju ìyẹn lọ, ó máa gé e lórí ni, ohun tó gé sì ti lọ nìyẹn.

Ẹ má tiẹ̀ gbà mí gbọ́, ẹ ṣí Audacity, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń rẹ́kọ́dù ohùn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ yí gain ara interface sókè, ẹ pariwo "Halelúyà" sí máìkì títí iná á fi pọ́n, ẹ wá fẹ àwòrán ohùn yẹn lójú títí ẹ ó fi rí ìlà tó ń lọ sókè sódò. Ibi tó yẹ kó rí róbótó lókè lọ́hùn-ún ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dáa, ẹ fa fader wálẹ̀ sí -12, ẹ export ẹ̀, ẹ tún gbé e wọlé padà kẹ́ ẹ wò ó. Ó ti kéré lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì tẹ́ bó ṣe tẹ́, ó kàn wá tẹ́ nísàlẹ̀ ni. Ẹ̀wà tó ti jóná, tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí kékeré bù ú, ṣé òórùn ẹ̀ á lọ ni? Ẹ wá dín gain kù, ẹ tún pariwo bákan náà kó má ju -10 lọ, ẹ fi fader gbé e sókè lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i pé ó ń dán, kò sì sí ohun tó sọnù. Mo ti fi èyí han àwọn ọmọ kúáyà wa lójúkojú, àwọn sópránò ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Clip Fix inú Audacity náà wà, àmọ́ ńṣe ló ń fojú díwọ̀n ohun tó sọnù. Tó bá jẹ́ ibì kan péré, ó lè gbà, tó bá jẹ́ odindi ègbè, ẹ lọ tún un kọ.

Wọ́n á ní tí gain bá kéré ariwo á pọ̀. Ti ayé téèpù nìyẹn, téèpù ní ariwo tiẹ̀ tí ohùn gbọ́dọ̀ borí. 24-bit lẹ ń lò báyìí, bit ló ń sọ bí nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ń kọ ohùn ṣe pọ̀ tó, lórí ìwé, láti ohùn tó kéré jù dé èyí tó ga jù, ó fẹ̀ tó 144 dB, CD tó jẹ́ 16-bit ò ju 96 lọ. Ariwo tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín ni, gain sì ń gbé òun àtohùn yín sókè pa pọ̀ ni! Ẹ sún mọ́ máìkì. Tẹ́ ẹ bá dín àlàfo kù sí ìdajì, ohùn yín á fi bíi 6 dB ga sí i, jẹnẹrétọ̀ á sì wà níbi tó wà.

Ó dáa, àwọn ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ 32-bit float bíi Zoom F3, tí nọ́ńbà wọn lè kọ ohun tó ga ju 0 lọ, wà tí kò tiẹ̀ ní bọ́tìnnì gain, ìyẹn yàtọ̀, àmọ́ mélòó nínú wa ló ní i? Kẹ́ ẹ sì yan 32-bit float nínú Audacity kọ́ nìyẹn, torí interface ti gé ohùn kó tó débẹ̀.

Èmi o, ibi tí orin ti le jù ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, màá fi ìyẹn dá gain dúró. Tí ẹnì kan bá ní òun ò gbọ́ra òun, bọ́tìnnì hẹ́dífóònù wà lára interface, kó lọ yí ìyẹn.